Àtẹ Ìrìn Ilé Ìwé Orí Òkè

Ẹ̀rí-Dà ni wọ́n ń pe obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan nílé, kì í sì í ṣe oríkì. Láti kékeré ni, bí wọ́n bá ní kó lọ wẹ̀ torí ó ti dọ̀tí, á ní ẹ̀rí dà? Bí wọ́n bá ní òun ló fọ́ ife, á ní ta ló rí òun? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ lórúkọ yìí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú u pátápátá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá wọn sọ ọ́ lọ. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún báyìí. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ga jù ú lọ a máa gbọ̀n bí ó bá ní kí wọ́n jáde síwájú pátákó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yìí bá pè é lórí fóònù pé, "Ẹ̀rí-Dà, níbo lo wà?", ṣe ló máa ń tún ìjókòó ṣe lórí àga, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n náà ò pè. Ó yọ sí i ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì láìkàn án, ó ju bébà kan sórí tábìlì, ó sì dúró.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí èyí?"

Lẹ́tà káńsù ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ó sọ pé gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òkè yóò di títì ní òpin sáà yìí. Wọn yóò pín àwọn ọmọ ibẹ̀, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, sí ilé ìwé mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kò gbọdọ̀ forúkọ ọmọ tuntun kankan sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé náà ló dúró níwájú rẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe é.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Àǹtí mi."

"O mọ̀ pé ilé ìwé mi ni?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, lẹ́tà la fi ń pè wọ́n. A, B, D, E, Ẹ. Tiyín ló ṣìkarùn-ún."

"Mo ti di lẹ́tà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí àga àlejò. "Lẹ́tà ò ní ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ò ní àbúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí kí n má baà gbè yín ni."

"O kúkú ṣeun. O ò gbè mí rárá."

Kí á tó bá Ẹ̀rí-Dà jà, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe dé ibẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn ni alága káńsù ránṣẹ́ sí i. Yàrá ìpàdé wọn kò yàtọ̀ sí yàrá ìpàdé ibikíbi: tábìlì gígùn, àga mọ́kànlá, fáànù tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú, àti ògiri tí wọ́n kun láwọ̀ méjì kí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ má baà hàn. Wọ́n ní ilé ìwé márùn-ún ti pọ̀ jù fún àdúgbò náà, àwọn ọmọ ń dín kù. Ǹjẹ́ wọ́n lè ti èyí tó wà lórí òkè láì rú òfin? Òfin ọ̀hún kò gùn. Ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ ti pa rẹ́ ló kọ ọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ìbáà jẹ́ ní lílọ, ìbáà jẹ́ ní bíbọ̀.

Inú Ẹ̀rí-Dà dùn sí ìbéèrè náà. Kì í ṣe torí káńsù o. Káńsù, láti òkèèrè ló ti ń wò wọ́n, láìbínú, bó ṣe ń wo òjò. Ó ti ṣàkíyèsí pé lọ́dọ̀ wọn, ohunkóhun á di òótọ́ bí ènìyàn mẹ́fà nínú mọ́kànlá bá nawọ́ sókè. Ní ilé ìwé, ohun tí wọ́n bá ti kọ sójú pátákó ni òótọ́, títí aago á fi lù. Ní ti iṣẹ́ tirẹ̀, òótọ́ ni ohun tí àwọn méjì kan tí o ò mọ̀ rí bá kọ̀wé pé àwọn wá àṣìṣe inú rẹ̀ tì. Ó sì ti pẹ́ tó ti gbà lọ́kàn pé tiwọn yìí ló sàn jù.

Káńsù yan akọ̀wé wọn tì í. Ọkùnrin gbọọrọ kan ni akọ̀wé yìí, tó máa ń fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, tó sì máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan aago tí iná lọ àti aago tí iná dé. Òun ló rán àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta pé kí wọ́n máa rìn láti ìkóríta kọ̀ọ̀kan dé ìkóríta kejì, láti orí òkè dé gbogbo ilé ìwé ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa wo aago. Wọ́n fi ìlàjì kún iye tí wọ́n rí, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé. Akọ̀wé wá ya àtẹ kan: orúkọ ibi lápá òsì, orúkọ ibi kan náà lókè, iye ìṣẹ́jú láàárín. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó wá dúró.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí n rán wọn padà lọ wọn ìdajì tó kù? Láti ibí sí ọ̀hún la ṣe. A ò tíì ṣe láti ọ̀hún sí ibí."

Ẹ̀rí-Dà ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ohun tó ń kà. "Má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Bákan náà ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àwọn onímọ̀ ìṣirò dáadáa á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Láti ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì ni wọ́n ti sọ fún un pé bí ibi méjì bá jìnnà síra, bí tibí ṣe jìnnà sí tọ̀hún ni tọ̀hún ṣe jìnnà sí tibí. Ó hàn gbangba débi pé ojú a máa ti ènìyàn láti kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ìdajì àtẹ ni gbogbo wọn máa ń kọ, nínú ìwé gbogbo, ní gbogbo ayé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe ìṣirò náà. Ó já síbi tó dáa: gbogbo ọmọ orí òkè ló rí ilé ìwé kan tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣirò náà rẹwà, ojú ewé méjì péré, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòfò níbẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí káńsù, wọ́n sì nawọ́ sókè lé e, mẹ́sàn-án sí méjì, láìkà á. Ó tún un kọ fún ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, àwọn méjì tí kò mọ̀ rí sì kà á. Ẹnìkan ní ó mọ́ gaara. Ìkejì bínú pé kò dárúkọ òun níbì kankan, ó sì ní kó dín kọ́mà rẹ̀ kù.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga àlejò lọ́jọ́ Ajé yìí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rí náà fún yín," Ẹ̀rí-Dà wí, ó ti ń fa bébà jáde.

"Má ṣàlàyé nǹkan kan. Lọ́la, aago méjì, kí n bá ọ lẹ́nu géètì ilé ìwé ìsàlẹ̀, èyí tó súnmọ́ wa jù. Má sì wọ bàtà gíga wá."

"Mo ní kíláàsì ní aago méjì, Àǹtí."

"Èmi náà ní kíláàsì. Mẹ́fà. Ìwọ lo ní kí wọ́n tì í."

Ó dìde, ó lọ. Kò pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀rí-Dà bá a lẹ́nu géètì náà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ọmọ ọdún méje, èkejì mẹ́jọ, tí ilé wọn wà lókè téńté. Ìyá wọn ti gbà kí wọ́n bá ọ̀gá ilé ìwé ṣe ìrìn náà. Àpò ìwé ń bẹ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Lórí àtẹ, láàárín ilé wọn àti géètì yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀rí-Dà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ó yá."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, títì pẹrẹsẹ ni. Ọmọ kékeré ń sọ̀rọ̀ bí rédíò, ó ń bi Ẹ̀rí-Dà bóyá òótọ́ ni pé ó lè sọ iye ewé tó wà lórí igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn. Ìgbésẹ̀ igba ó lé méjìdínlógún ni àtẹ̀gùn ọ̀hún, sìmẹ́ńtì, irin ìdìmú lápá kan, oòrùn ọ̀sán lójú rẹ̀ gbàgàdà. Nígbà tí wọ́n dé ìgbésẹ̀ ogójì, rédíò dákẹ́. Ní ìgbésẹ̀ àádọ́rin, ọmọ kékeré jókòó. Wọ́n dúró. Wọ́n tún gbéra. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rí-Dà ò gba àpò lọ́wọ́ ọmọ kankan, nígbà tí Ẹ̀rí-Dà sì na ọwọ́ láti gbà á, ó gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ṣé ìwọ á máa wà níbí lójoojúmọ́ láti máa gba àpò?"

Ọkùnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ fò kọjá lára wọn, ìgbésẹ̀ méjì méjì, ó ń fẹnu súfèé. Ẹ̀rí-Dà tẹjú mọ́ ọn títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó wo aago. Ó wo ọmọ tó jókòó. Ó rí fún un bí ìgbà tí èèyàn bá rí ìlà kan nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ tí kò tẹ̀lé ìlà òkè rẹ̀.

"Àárọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ yẹn rìn ín," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Láti òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò sọ nǹkan kan," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì.

"Lílọ ni mo wọ̀n."

"Dìde, ọmọ mi. Ó ku díẹ̀." Ọmọ ló ń bá wí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà wọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé. Ẹ̀rí-Dà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ torí kò mú bébà dání. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bú u, kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn ní, "Ọjọ́bọ̀ ni káńsù ń jókòó kẹ́yìn kí sáà tó parí," ó sì wọlé lọ mu omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀rí-Dà kọ́kọ́ kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn wọn. Ó ní kó bá òun fi gbólóhùn kan kún ojú ewé kìíní, pé iye ìṣẹ́jú lílọ àti ti bíbọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lo ìṣirò náà. Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé. Olóòtú ní gbólóhùn náà kò pọn dandan, gbogbo òǹkàwé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àyè sì há. Ẹ̀rí-Dà ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò ó pé ká ní èèyàn bi òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn, kọ́mà sí kọ́mà. Ó wá kọ̀wé pé kí wọ́n má tẹ iṣẹ́ náà jáde mọ́.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá akọ̀wé ní káńsù. Ìyàrá akọ̀wé kéré, fáìlì gun ara wọn dé òrùlé. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Mo bi yín nígbà náà, mà," akọ̀wé wí, láìgbé ohùn sókè.

"O bi mí."

"Ẹ ní bákan náà ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé fa fáìlì kan jáde láìwo àkọlé tó wà lára rẹ̀, ó ṣí i sí ibi tó fẹ́, ó sì yí i sí Ẹ̀rí-Dà. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ̀rí-Dà ka ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ nínú ìwé ẹlòmíràn, ó sì rí i pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun lẹ́nu.

Akọ̀wé wúkọ́ díẹ̀. "Ojú ewé yìí, mà, ó lè já bọ́. Ìwé ti gbó nínú fáìlì yìí. Ènìyàn ńlá ni yín. Bó bá di ẹ̀sùn, wọ́n á sọ pé èmi ni mi ò wọ̀n ọ́n tán, yóò sì parí síbẹ̀."

"Kí ni wọ́n á ṣe fún ọ?"

"Ìwé ìbáwí ni. Mo ti ní ọ̀kan rí, torí pé mo kọ aago tí alága dé síbi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rí-Dà rẹ́rìn-ín, láìròtẹ́lẹ̀. Ó pa fáìlì náà dé, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Mú un dání wá lọ́la. Bí ojú ewé kan bá já bọ́ níbẹ̀, èmi àti ìwọ la jọ máa wá a."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó, àwọn mọ́kànlá. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́ àtiwọlé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rí-Dà dúró, ó sọ tẹnu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin: mẹ́rìnlélógún ní lílọ, mẹ́rìndínláàádọ́ta ní bíbọ̀, òfin ní ọgbọ̀n.

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yé wa. Ìṣirò yín, ó tọ́ àbí kò tọ́?"

"Ìṣirò náà tọ́."

"Ẹ ṣeun. Ó parí nìyẹn."

"Ohun tí mo gbé e lé lórí ni kò tọ́."

Wọ́n ń wo ara wọn. Kánsẹ́lọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ní Kúkúrú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kó tó gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ aráyé. Ó dìde.

"Ní kúkúrú, alága, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ya ọ̀lẹ. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, wákàtí méjì ni mo máa ń rìn kí n tó dé ilé ìwé, òkè ni gbogbo rẹ̀, ní lílọ àti ní bíbọ̀..."

"Ẹ̀rí dà?" Ó ti já bọ́ lẹ́nu Ẹ̀rí-Dà kó tó mọ̀. "Bó bá jẹ́ òkè ní lílọ, ìsàlẹ̀ ni ní bíbọ̀, sà."

Ẹ̀rín bú yàrá náà. Ní Kúkúrú jókòó. Àwọn tó bá a jókòó láti ọdún méje ò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n alága ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ dákẹ́. Bí àtẹ ò bá pé, ta ni iṣẹ́ àtẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Akọ̀wé ni. Kí wọ́n kọ ìwé ìbáwí fún akọ̀wé, kí wọ́n ti ilé ìwé náà bí a ṣe wí, kí á lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn."

Akọ̀wé dìde. Ó mú fáìlì dání sáyà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Kà á fún wọn," Ẹ̀rí-Dà wí.

Ó kà á. Ọjọ́, aago, ìbéèrè rẹ̀, èsì ọ̀jọ̀gbọ́n: má wulẹ̀ ṣe wàhálà, bákan náà ni. Ó kà á láìsí ohùn kankan nínú rẹ̀, bó ṣe ń ka aago tí iná lọ.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," Ẹ̀rí-Dà wí. "Ọkùnrin yìí fẹ́ wọ̀n ọ́n tán. Èmi ni mo dá a dúró. Bí ìwé ìbáwí bá wà, orúkọ mi ni kí ẹ kọ sí i. Mo ti gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí ẹ ṣì gbà á gbọ́."

Kánsẹ́lọ̀ obìnrin kan, télọ̀ ni lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́wọ́ sókè. Òun náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án ìjọ́sí. "Ó ti yé mi báyìí. Ẹ rán aṣọ náà dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ara ẹlòmíràn lẹ wá wọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

"Alága, mo ti rán irú aṣọ yẹn rí. Kò sí ohun tí ènìyàn fi í ṣe ju kó tú u lọ."

Alága fọwọ́ pa iwájú orí. Ó ní káńsù ti dìbò pé ìṣirò yìí tọ́, káńsù ò lè kàn jí lójú oorun kó ní kò tọ́ mọ́. Bó bá máa ṣíwọ́ títọ́, àfi kí wọ́n tún dìbò, kí ẹni tó bá gbà pé kò tọ́ mọ́ nawọ́ sókè. Ẹ̀rí-Dà jókòó. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì wà níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ nínà pa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ka ọwọ́ náà bí wọ́n ṣe ń gòkè. Mẹ́fà. Márùn-ún ló wà nílẹ̀. Ó rò ó pé ọwọ́ mẹ́fà yìí kò fi nǹkan kan hàn, gẹ́gẹ́ bí mẹ́sàn-án ìjọ́sí kò ti fi nǹkan kan hàn. Bí Ní Kúkúrú bá sùn dáadáa lálẹ́ àná ni, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. Síbẹ̀ ó tún wọn kà lẹ́ẹ̀kejì.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde lórí bẹ́ńṣì.

"Àǹtí, mẹ́fà sí márùn-ún ni. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò lè tún gbé e wá lọ́dún tó ń bọ̀, torí ohun tí wọ́n dìbò lé lórí gan-an ni pé..."

"Mi ò bi ọ́ nìyẹn. Àwọn òbí wà ní ọ́fíìsì mi láti àárọ̀. Ṣé kí n forúkọ ọmọ kíláàsì kìíní sílẹ̀ àbí kí n má forúkọ wọn sílẹ̀?"

Ẹ̀rí-Dà fẹ́ sọ pé ó sinmi lórí nǹkan mẹ́ta. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń tẹ fóònù kó tó sọ tán. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹni tó pè gbé e.

"Igbákejì, ẹ mú rẹ́jísítà tuntun jáde. Ẹ ní kí wọ́n tò. Mélòó ni wọ́n?" Ó dúró, ó ń gbọ́. "Mọ́kàndínlógún? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó kéré jù, òun ni kò ní lè dúró pẹ́."